Jíà Wà ní Fíríì, Ọkọ̀ Ṣì Ń Rìn: Kí Ló Fà Á?

 

Ní ilẹ̀ odò tiwa yìí, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Òun ló ń gbé àwọ̀n lọ sókun, òun ló ń gbé gbágùúdá, àgbọn àti epo pupa dé ọjà Igbókòdá, òun náà ló ń gbé ọmọ lọ síléèwé. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ṣe ẹ́ńjìnnì, àpò wa ló ṣe.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rí tí a kì í kà sí. Ẹ ti dé èbúté. Ẹ ti fa ọwọ́ jíà sí fíríì, ìyẹn ni pé kò sí níwájú, kò sì sí lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Síbẹ̀ ọkọ̀ ò dúró. Ó ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi imú gún pákó èbúté tàbí ọkọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn kan á ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Òótọ́ ni, ó lè jẹ́ nǹkan kékeré. Ó sì tún lè jẹ́ pé nǹkan ti ń bàjẹ́ nísàlẹ̀ níbi tí ojú yín ò tó. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó gbà pé fíríì ti dá pùròpélà dúró lè na ọwọ́ sí i.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ọ̀rọ̀ wa tòní kò ju ọ̀kan lọ: fíríì yàtọ̀ sí pípa. Ẹ jẹ́ ká wá wo ìdí rẹ̀.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ẸSẸ̀ Ẹ́ŃJÌNNÌ

Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni a ń pe apá ìsàlẹ̀ tó wọ inú omi. Irin gígùn kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì wá síbẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, irin yìí ń yí. Jíà kékeré eléyín kan wà ní ìdí rẹ̀, òun ló ń yí jíà ńlá méjì: ọ̀kan fún iwájú, èkejì fún ẹ̀yìn. Jíà ńlá méjèèjì ń yí ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń dún. Bí ọ̀kan ṣe ń yí sọ́tùn-ún ni èkejì ń yí sósì. Ọ̀pá tí pùròpélà wà lórí rẹ̀ gba àárín àwọn méjèèjì kọjá, ṣùgbọ́n wọn ò dì mọ́ ọn.

Kí ló wá ń so wọ́n pọ̀? Irin eléyín kan wà láàárín jíà méjèèjì, tó ń sún síwá sẹ́yìn lórí ọ̀pá pùròpélà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní kílọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ti ọwọ́ jíà síwájú, kílọ́ọ̀ṣì á fi eyín rẹ̀ há mọ́ jíà iwájú, pùròpélà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí ẹ bá fà á sẹ́yìn, á há mọ́ jíà ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fi sí fíríì, á dúró láàárín, kò kan tibí, kò kan tọ̀hún. Ẹ fi wé ẹni tó dúró láàárín àwọn méjì tó ń jó. Bó bá di ọ̀kan mú, wọ́n á jọ máa yí. Bí kò bá di ẹnikẹ́ni mú, àwọn á máa jó lọ, òun á dúró.

Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta níbẹ̀ yẹn. Èkíní, ní fíríì, gbogbo jíà inú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló ṣì ń yí. Èkejì, àlàfo tó wà láàárín kílọ́ọ̀ṣì àti jíà kéré gan-an. Ẹ̀kẹta, kò sí búrẹ́èkì kankan tó di pùròpélà mú. Omi tó yí i ká nìkan ló ń dá a dúró.

OHUN MÁRÙN-ÚN TÓ LÈ MÚ ỌKỌ̀ RÌN

1. Omi àti afẹ́fẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì. Òkun wa máa ń kún, ó sì máa ń fà, ní bí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, àwọn odò tó sún mọ́ òkun náà sì ń bá a kún, wọ́n ń bá a fà. Ọkọ̀ tó ru ẹrù wúwo pàápàá kì í dúró lójijì. Ipá tó bá wá ṣì ń tì í lọ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ jíà. Irú ìrìn yìí kò ní ẹ̀bi nínú.

2. Ọ́ìlì tó ń fa pùròpélà. Inú ọ́ìlì ni àwọn jíà wà. Bí wọ́n ṣe ń yí, ọ́ìlì náà ń bá wọn yí, ó sì ń fẹ́ fa ọ̀pá pùròpélà dání. Jíà iwájú ń fà á síbí, jíà ẹ̀yìn ń fà á sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n agbára wọn kì í ṣe ọgbọọgba. Èyí máa ń hàn jù nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ tí ọ́ìlì ṣì ki, tàbí nígbà tí ẹ bá lo ọ́ìlì tó ki ju èyí tó yẹ lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ó yẹ kó dín kù. Bí kò bá dín kù, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ọ́ìlì tó ki nìyẹn.

3. Sílóò tó ga jù. Sílóò ni bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ẹ ò bá fún un níná. Ẹlòmíràn ti gbé e sókè kí ẹ́ńjìnnì má baà máa kú. Ẹlòmíràn gbàgbé ṣóòkì síta. Bí sílóò bá ṣe ga tó ni jíà á ṣe sáré tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì á ṣe fa pùròpélà tó. Sílóò gíga tún ń jẹ bẹntiróòlù lásán, ó sì ń fọ́ eyín kílọ́ọ̀ṣì nígbàkigbà tí ẹ bá ń fi jíà sí iwájú tàbí ẹ̀yìn.

4. Ọwọ́ jíà tó ti yẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí ẹ ń fọwọ́ darí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, ọ̀pá irin ló so ọwọ́ jíà mọ́ ìsàlẹ̀. Nínú ọkọ̀ oní-sitiárì, kébù ni. Iyọ̀ òkun ń jẹ wọ́n, ìdè wọn ń tú, kébù ń gùn sí i. Nígbà tó bá ti rí báyìí, ẹ ó rò pé ẹ ti fi sí fíríì, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì kò tíì kúrò lára jíà iwájú tán. Ó ṣì ń gbá a létí. Ẹ ó máa gbọ́ "kra-kra-kra" nísàlẹ̀, ọkọ̀ á sì máa ta kìjí. Èyí ló léwu jù, torí pé eyín lè há mọ́ra wọn lójijì kí ọkọ̀ sì fò síwájú.

5. Ìsàlẹ̀ tó ti jẹ. Ó lè jẹ́ pé eyín kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ, tàbí pé bẹ́ríìnì inú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti dípẹtà. Èyí tó sábà máa ń fà á nílẹ̀ wa ni omi iyọ̀ tó wọ inú ọ́ìlì jíà. Ibo ló gbà wọlé? Lẹ́yìn pùròpélà, róbà kan wà níbẹ̀ tó ń dí omi mọ́ta, a ń pè é ní síìlì. Ohun tó sì ń gé síìlì yìí lójoojúmọ́ ni okùn ọ̀rá tó já lára àwọ̀n. Á wé mọ́ ọ̀pá pùròpélà, á gbóná, á yọ́, á máa rẹ́ síìlì náà díẹ̀díẹ̀. Okùn tí kò ju ìka lọ lè pa ẹ́ńjìnnì olówó ńlá.

BÍ Ẹ ṢE MÁA MỌ ÈYÍ TÓ Ń ṢE TIYÍN

Ẹ wá ibi tí omi ti dákẹ́. Ẹ fi okùn so ọkọ̀ mọ́ òpó èbúté níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ rí i dájú pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú omi, pàápàá àwọn ọmọ tó ń wẹ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó gbóná fún bí ìṣẹ́jú 5, kí ẹ sì fi sí fíríì.

Ìdánwò kìíní: ẹ wo okùn. Bó bá le, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí okùn bá ṣì le lẹ́yìn tí ẹ pa á, omi tàbí afẹ́fẹ́ ló ń ti ọkọ̀. Bó bá dẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń tì í.

Ìdánwò kejì: ẹ tún tan án. Ẹ jókòó síbi tí ẹ ti ń wà á, kí ẹ wo omi ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí omi bá ń ru, pùròpélà ń yí. Ẹ dín sílóò kù díẹ̀. Bí omi bá dákẹ́, sílóò ló ga jù.

Ìdánwò kẹta: ẹ tẹ́tí. Bí kò bá sí ariwo tí pùròpélà kàn ń yí jẹ́jẹ́, ọ́ìlì ló ń fà á. Bí ẹ bá ń gbọ́ kra-kra-kra, ọwọ́ jíà ti yẹ̀ tàbí eyín ti jẹ. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi ṣiṣẹ́ mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe.

Ìdánwò kẹrin: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà ní pípa fún èyí. Ẹ yọ okùn ìpa-ẹ́ńjìnnì kúrò, kí ẹ sì yọ fìlà orí gbogbo pílọ́ọ̀gì. Ẹ má fo ibí yìí o, torí pé bí kílọ́ọ̀ṣì bá ṣì há mọ́ jíà, pùròpélà tí ẹ ń fọwọ́ yí lè yí ẹ́ńjìnnì kó sì tàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè kúrò nínú omi, kí ẹ sì fi jíà sí fíríì. Ẹ wá rọra fọwọ́ yí pùròpélà sọ́tùn-ún àti sósì. Ó yẹ kó yí fàlàlà lápá méjèèjì. Bó bá ń ta "kẹ́-kẹ́-kẹ́" lápá kan, tàbí tó há, kílọ́ọ̀ṣì kò sí láàárín. Ẹ ti mú olè náà nìyẹn.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE FÚNRA YÍN

Yíyẹ ọ́ìlì jíà wò kò le. Ìdè méjì ló wà lára ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dúró ṣánṣán. Ẹ gbé ike kékeré sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú ìdè ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tú ti òkè kí ọ́ìlì lè dà. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Bó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ̀ ọ́, síìlì ti lọ. Bí irin wẹ́wẹ́ bá ń dán nínú rẹ̀, jíà ti ń jẹ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rọ tuntun, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti rọ ọ́, kì í ṣe òkè, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wọlé títí yóò fi máa jáde níhò òkè. Ẹ kọ́kọ́ dé ìdè òkè, lẹ́yìn náà ẹ yára dé ti ìsàlẹ̀. Ẹ yẹ ìfọ́ṣà abẹ́ ìdè méjèèjì wò. Èyí tó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ́ìlì wo ni kí ẹ lò? Ọ́ìlì jíà tí wọ́n kọ SAE 90 sí lára ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ojú omi ń lò. Ẹ wo ìwé tó bá tiyín wá. Ọ́ìlì tí ẹ ń pò mọ́ bẹntiróòlù kì í ṣe ti jíà. Gírísì náà kì í ṣe ọ́ìlì jíà. Ẹni tó bá rọ gírísì síbẹ̀ kó má baà máa jò, ó ń fi ewé bo egbò ni. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ́ńjìnnì sọ pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì jíà lẹ́yìn wákàtí 100 tí a bá fi ṣiṣẹ́, tàbí lẹ́yìn oṣù 6, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹni tó ń fi ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ wákàtí 5 lóòjọ́ yóò pé 100 láàárín ọjọ́ 20. Ẹ máa kọ ọ́ sára ògiri.

Ohun kejì tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ máa tú pùròpélà lóòrèkóòrè, kí ẹ sì yọ okùn tó bá wé mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi àwọ̀n gbé e rí, ẹ tú u lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ fi gírísì kékeré pa ọ̀pá rẹ̀ kí iyọ̀ má baà lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ohun kẹta, bí ẹ bá ti inú omi iyọ̀ dé, ẹ fi omi tó dùn fọ ara ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá jíà àti gbogbo ìdè rẹ̀.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ GBÉ LỌ FÚN MẸKÁNÍÌKÌ

Títo ọ̀pá tàbí kébù jíà kó lè bọ́ sí àárín gan-an, pípààrọ̀ síìlì, àti títú kílọ́ọ̀ṣì wò: iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Ẹ má ṣe fi òòlù lu ọ̀pá jíà, ẹ má sì fi wáyà dè é. Bí ẹ bá gbé e lọ, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ rí nínú ìdánwò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyẹn á dín owó iṣẹ́ kù, torí kò ní máa tú ohun tí kò bàjẹ́. Síìlì jẹ́ róbà kékeré. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì odindi lè gba owó ẹja ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá tètè ṣe kékeré kò ní san ńlá.

Ẹ tún bi í nípa ohun kan. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni kì í gbà kí a tan wọ́n nígbà tí jíà bá wà níwájú tàbí lẹ́yìn. Ààbò ni wọ́n fi síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti tú u dànù kí títàn lè rọrùn, ẹ ní kó dá a padà.

ỌKỌ̀ ORÍ ILẸ̀ ŃKỌ́?

Àwọn kan nínú wa ní mọ́tò tó ń kó ẹja àti gààrí láti Igbókòdá lọ sí Òkìtìpupa. Òun náà lè rìn ní fíríì. Nínú mọ́tò oníkílọ́ọ̀ṣì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ló sábà máa ń fà á: ilẹ̀ tí ojú rí bíi pé ó tẹ́ lè má tẹ́. Ọ́ìlì jíà tó ki láàárọ̀ lè yí táyà tí wọ́n fi jáàkì gbé sókè, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tó tẹ́, kò tó gbé mọ́tò rìn. Bí mọ́tò bá wá ń rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ tán. Bó bá dúró, jíà ò tíì bọ́ kúrò dáadáa. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo ọ̀pá jíà àti àwọn róbà rẹ̀. Bó bá ṣì ń rìn, ilẹ̀ ni tàbí afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ń di ẹrù sí mọ́tò kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé fíríì. Ẹ fa hándì búrẹ́èkì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi jíà kìíní há a, kí ẹ sì fi igi há táyà.

FÍRÍÌ YÀTỌ̀ SÍ PÍPA

Ẹ jẹ́ ká padà sórí omi, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà. Ìgbà mélòó ni a ti rí i tí koríko orí omi wé mọ́ pùròpélà? Láti 1984 tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ewéko yìí lọ́nà Bàdágìrì ló ti tàn dé odò wa. Apẹja á fi jíà sí fíríì, á bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, á fẹ́ fọwọ́ fà á kúrò. Kò fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì torí kó má baà jẹ́ pé kò ní tàn mọ́. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan ní sílóò, tí jíà ìsàlẹ̀ sì dín in kù sí ìdajì, pùròpélà tí kílọ́ọ̀ṣì bá gbá mú yóò yí ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ju ìgbà 8 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ọwọ́ tó yára tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá ṣòroó tàn padà, ẹ tún títàn rẹ̀ ṣe. Ẹ má fi ìka san gbèsè rẹ̀.

Nítorí náà:

• Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀ sómi tàbí tó gun ọkọ̀ láti inú omi.
• Ẹ pa á kí ẹ tó yọ koríko, okùn tàbí àwọ̀n lára pùròpélà.
• Ẹ pa á nígbà tí ẹ bá ń fa àwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.
• Ẹ pa á ní èbúté tí àwọn ọmọdé ti ń wẹ̀.
• Ẹ so okùn ìpa-ẹ́ńjìnnì mọ́ ara yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń wa ọkọ̀, kó lè pa ara rẹ̀ bí ẹ bá já sómi.

Ẹ ka ìwé yìí fún àwọn ọmọkùnrin tó ń bá yín wa ọkọ̀, kí ẹ sì fi ìdánwò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn wọ́n lójú ọkọ̀ gan-an. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kan bá rú lójú, kó bi olùkọ́ àgbẹ̀ àdúgbò rẹ̀ nígbà tó bá wá sípàdé ẹgbẹ́.